Ìtàn àpérò PyCon

PyCon ni orúkọ tí a ń pe àwọn àpérò tí àwọn olùkọ́, olùwádìí, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ tí ń lo èdè kọ̀ǹpútà Python máa ń ṣe ní ọdọọdún ní onírúurú orílẹ̀-èdè. Èyí àkọ́kọ́ tó jẹ́ orúkọ náà wáyé ní ìlú Washington, D.C., ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹta ọdún 2003, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti ọdún 1994. Àpérò náà dé Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 2012, ó dé Nàìjíríà ní ọdún 2017, nígbà tí gbogbo Áfíríkà ṣe àkọ́kọ́ tirẹ̀ ní Accra ní ọdún 2019. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó fa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyípadà inú ìtàn yìí: iye owó ìwọlé, jíjìn ibi ìpàdé àti físà ni wọ́n ń sọ ẹni tí yóò lè débẹ̀.

Èdè Python

Python jẹ́ èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé láti ṣe iṣẹ́ tí a bá gbé fún un. Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1989 nígbà tí ó wà ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí CWI ní Amsterdam, ó sì gbé e jáde fún aráyé ní oṣù Kejì ọdún 1991. Eré àwàdà orí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Monty Python's Flying Circus, ni ó ti mú orúkọ náà. Kì í ṣe ti òjòlá.

Ọ̀fẹ́ ni èdè náà. Ẹnikẹ́ni lè gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó lò ó, kí ó sì tún un ṣe láìsan kọ́bọ̀. Láti ìgbà tí Python 3 ti jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, ó ń gba lẹ́tà èdè gbogbo wọlé láìsí àfikún ìṣètò, débi pé ẹni tó ń kọ ètò lè fi ọ̀rọ̀ Yorùbá bí «ọjọ́» tàbí «iye» sọ àwọn nǹkan inú ètò rẹ̀ lórúkọ. Nítorí pé kò sí oníṣòwò kan tó ni èdè yìí, àwọn tó ń lò ó ni wọ́n ń forí korí láti pinnu bí yóò ṣe máa dàgbà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ti ń wáyé, ṣùgbọ́n ibi ìpàdé ojúkojú ni àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ti ń mọ ara wọn.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀ (1994 sí 2002)

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1994, nǹkan bí ogún ènìyàn péjọ sí ọgbà NIST ní Gaithersburg, ní ìpínlẹ̀ Maryland. NIST ni ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ìpàdé onímọ̀ kékeré ni, tí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lè jókòó sínú yàrá kan ṣoṣo. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn ní àwọn ọdún tó kàn, wọ́n sì wá di àpérò àgbáyé ti Python. Ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá wáyé ní Alexandria, ní ìpínlẹ̀ Virginia, ní oṣù Kejì ọdún 2002.

Nígbà náà, ilé-iṣẹ́ aládàáni ni ó ń bá wọn ṣètò àpérò, owó ìwọlé sì ti ga. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń san owó fún lè wá. Akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tó ń fi àkókò ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí èdè náà kò rí ọ̀nà wọlé tó bẹ́ẹ̀. Ní Yúróòpù, àwọn olùlo Python kò dúró de ìrìn-àjò sí Amẹ́ríkà mọ́: wọ́n ṣe tiwọn, EuroPython, ní Charleroi ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ní oṣù Kẹfà ọdún 2002.

Ìdásílẹ̀ PyCon

Ní ọdún 2001 ni a dá àjọ Python Software Foundation (PSF) sílẹ̀ láti máa dáàbò bo èdè náà. Àjọ yìí ni ó gbé àpérò tuntun kalẹ̀, tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ń ṣètò, tí owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Steve Holden ni alága àkọ́kọ́. Yunifásítì George Washington ni wọ́n ti ṣe é, láti ọjọ́ 26 sí ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2003, àwọn tó wá sì lé ní 200. Wọ́n fi ìlànà kan lélẹ̀ tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: gbogbo ènìyàn ni ó ń sanwó, àti olùdánilẹ́kọ̀ọ́ àti olùṣètò. Èrò wọn ni pé bí kò bá sí ẹni tí a yọ̀ǹda fún, owó tí olúkúlùkù yóò san kò ní pọ̀, èyí tó bá sì ṣẹ́kù yóò padà ran àwọn aláìní lọ́wọ́.

Ọdún mẹ́ta ni àpérò náà fi wà ní Washington. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kiri, ó sì sábà máa ń lo ọdún méjì ní ìlú kan: ó ti dé agbègbè Dallas, Chicago, Atlanta, Santa Clara, Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, Portland, Cleveland, Salt Lake City àti Pittsburgh. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2019 ní Cleveland, àwọn tó wá ti lé ní 3,000.

Bí àpérò náà ṣe ń lọ

Oṣù díẹ̀ ṣáájú àpérò ni àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ti máa ń fi àkópọ̀ ọ̀rọ̀ wọn ránṣẹ́. Ìgbìmọ̀ kan yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò sì yan èyí tó yẹ. Ọ̀nà tí ètò náà pín sí nìwọ̀nyí:

- ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe, níbi tí olùkọ́ ti ń tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà fún wákàtí mélòó kan;
- ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tó sábà máa ń gba nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú;
- ọ̀rọ̀ kúkúrú, tí kò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tí ẹnikẹ́ni lè forúkọ sílẹ̀ fún níbi àpérò gan-an;
- yàrá ìjíròrò, tí àwọn olùkópa fúnra wọn ń yan kókó rẹ̀;
- ọjọ́ iṣẹ́ àjọṣe ní ìparí, nígbà tí wọ́n máa ń jókòó papọ̀ tún ètò kọ̀ǹpútà ṣe.

Apá ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì fún akẹ́kọ̀ọ́. Níbẹ̀ ni ẹni tí kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí ti lè jókòó ti ẹni tó kọ ètò kan gan-an, kí ó sì fi àtúnṣe tirẹ̀ kún un. Wọ́n máa ń gbé fídíò àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n fídíò kò lè rọ́pò ìjókòó bẹ́ẹ̀.

Ìtànkálẹ̀ sí Áfíríkà

Gúúsù Áfíríkà ni ó ṣáájú, pẹ̀lú PyConZA ní Cape Town ní ọdún 2012. Ní oṣù Kejì ọdún 2015, àpérò bẹ̀rẹ̀ ní Windhoek, olú-ìlú Nàmíbíà, pẹ̀lú àjọṣe láàárín Yunifásítì Nàmíbíà àti Yunifásítì Cardiff ní Wales. Sìmbábúè tẹ̀ lé e ní ọdún 2016, Nàìjíríà ní ọdún 2017, Gánà sì ní ọdún 2018.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni PyCon Africa àkọ́kọ́ wáyé ní Accra. Marlene Mhangami, ọmọ ilẹ̀ Sìmbábúè, ni alága rẹ̀. Òun náà ni obìnrin ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ nínú ìgbìmọ̀ olùdarí PSF. Àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà gbé ti ọdún 2020 lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Accra tún gbà á lálejò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ó sì lọ sí Johannesburg ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025.

Ìpínlẹ̀ Èkó: Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Èkó ni PyCon Nàìjíríà àkọ́kọ́ ti wáyé. Ìpínlẹ̀ Èkó kan náà ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà, níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ń kàwé. Ní Ìkòròdú ni ọgbà àgbà Yunifásítì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà, èyí tí a mọ̀ sí LASUSTECH. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1977 ni, ó jẹ́ Pólí Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó di yunifásítì ní ọdún 2022. Ní Ẹ̀pẹ́ ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Yabatech náà ní ọgbà kan níbẹ̀, nígbà tí Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2022, ní ọgbà ní Nofórìjà.

Ọ̀nà Ìtòkín ni ó so ìlú méjèèjì pọ̀, etí ọ̀sà ni wọ́n sì wà. Ará Ìkòròdú lè wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Erékùṣù Èkó. Ará Ẹ̀pẹ́ lè gba ọ̀nà Lẹ́kí. Fún akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ìyàtọ̀ tí ọdún 2017 mú wá kò ṣòro láti rí. Ṣáájú rẹ̀, ìwé ìrìnnà, físà àti owó ọkọ̀ òfúrufú ni ó wà láàárín akẹ́kọ̀ọ́ àti PyCon tó bá sún mọ́ ọn jù. Lẹ́yìn rẹ̀, owó ọkọ̀ láti ilé dé àárín ìlú Èkó ni.

Owó, físà àti ìrànwọ́

Ìlú tí a bá yàn ní ipa lórí ẹni tí yóò lè wá. Láti ọdún 1979 ni àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fún ọmọ Nàìjíríà láǹfààní láti wọ Gánà láìgba físà, fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ẹni tó bá kúrò ní Èkó lè gba Sèmè, Kùtọnu àti Lomé dé Accra nínú ọkọ̀ orí ilẹ̀. Ní ti Johannesburg, ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba físà, kí ó sì wọ ọkọ̀ òfúrufú. Àpérò kan náà ni. Àwọn tó lè dé ibẹ̀ kò dọ́gba.

Láti dín ìṣòro yìí kù, PyCon máa ń ya owó sọ́tọ̀ fún ìrìn-àjò àwọn tí kò ní, PSF náà sì ti fi owó ran àpérò àti ẹ̀kọ́ kéékèèké lọ́wọ́ káàkiri ayé. Ìrànwọ́ yìí ti fa àríyànjiyàn rí. Ní ọdún 2023, nígbà tí DjangoCon Africa àkọ́kọ́ fẹ́ wáyé ní Zanzibar, ìpinnu PSF lórí owó tí àwọn olùṣètò béèrè pẹ́ kí ó tó jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fún wọn ní owó náà nígbẹ̀yìn. Àwọn olùlo Python ní Áfíríkà kọ lẹ́tà ìtagbangba, wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n gbà bá àwọn olùṣètò lò kò tọ́. Ìgbìmọ̀ PSF fèsì ní gbangba. Ní ọdún 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù, nínú èyí tí ẹnikẹ́ni tó ń béèrè ìrànwọ́ lè bá àwọn òṣìṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ipò tí ó wà

Ìpàdé tí ogún ènìyàn bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá kan ní Maryland ti di ti gbogbo ayé. Ní ọdún 2002, owó ìwọlé ni ó ti akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́yìn, àwọn olùlo sì dá àpérò tí owó rẹ̀ kò ga sílẹ̀. Nígbà tí jíjìn àti físà di ìdènà fún àwọn ará Áfíríkà, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀ ní ìlú wọn, láti Cape Town dé Èkó.