Ìwọ́de Ìlú Bìní Ọdún 2012 àti Ojúṣe Àwa Mùsùlùmí

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2012, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì káàkiri Nàìjíríà nítorí owó ìrànwọ́ orí epo tí ìjọba yọ. Àwọn ará Bìní náà tú sí ìgboro. Ṣùgbọ́n ìbínú mìíràn ti wà lọ́kàn àwọn ènìyàn. Ní ọjọ́ Kérésìmesì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, bọ́ǹbù àwọn Boko Haram pa àwọn olùjọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Theresa ní Madalla, nítòsí Abuja. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fún àwọn Kìrìsìtẹ́nì ará Gúúsù ní ọjọ́ mẹ́ta péré láti kúrò ní Òkè Ọya. Nígbà tí ìbínú méjèèjì pàdé, àwọn jàǹdùkú kọjú sí mọ́sálásí. Àjọ Red Cross sọ pé ènìyàn 5 ló kú. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n dáná sun ilé-kéwú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Hausa, ló sá fi ilé wọn sílẹ̀.

Èmi kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi pé ó bínú sí apànìyàn. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ó wà ní Maiduguri jẹ ẹni tí ń ta àlùbọ́sà ní Bìní níyà. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé, àwa tí a sì ń gbé ní ìlú Ọba yẹ kí a mọ èyí ju ẹlòmíràn lọ.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kan àwa pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ aládùúgbò wa kò mọ̀ pé àwọn àáfà wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ta ko ọ̀nà yìí. Sheikh Ja'afar Mahmud Adam, tí Muhammad Yusuf ti jókòó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ rí, já irọ́ rẹ̀ ní gbangba lórí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé àti iṣẹ́ ìjọba. Àwọn agbébọn pa á níbi tí ó ti ń kírun àsùbáà ní Kano, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 2007. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, ènìyàn tí ó lé ní 100 kú ní mọ́sálásí ńlá Kano lásìkò ìrun Jímọ̀. Ní ọdún 2017, ó kéré tán 50 kú ní mọ́sálásí kan ní Mubi. Ta ni yóò sọ èyí fún aládùúgbò wa bí kò ṣe àwa? Nígbà tí ìjà Maiduguri bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2009, mo kà á sí ọ̀ràn àwọn ará Òkè Ọya, n kò sì mẹ́nu bà á lórí mínbárì. Mo ti tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun lórí rẹ̀.

Ó yẹ kí a wọn ewu yìí bí ó ti rí, láìfi kún un, láìdín in kù. Ẹni tí ó bá ní ọ̀ràn ọ̀nà jíjìn ni, kí ó rántí pé ní oṣù kẹta ọdún 2015 ni Shekau jẹ́jẹ̀ẹ́ ìtẹríba fún àwọn tí wọ́n gba Mosul ní Iraq. Kí ó rántí Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti pa nǹkan bí 40 ènìyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022. Ọ̀wọ̀ ni ọkọ̀ tí ń ti Bìní lọ sí Àkúrẹ́ ń gbà kọjá. Ẹni tí ó bá sì ní gbogbo Mùsùlùmí ni ewu, kí ó béèrè àwọn tí wọ́n sin ní Kano àti Mubi.

Bí a bá sì ń béèrè ìgbà tí ó yẹ kí Mùsùlùmí sọ̀rọ̀, ìtàn ti dáhùn. Lẹ́yìn ogun Siffin, ní ọdún 37 Hijira, àwọn Khawarij yapa kúrò lẹ́yìn Àlíì (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), wọ́n kó jọ sí Harura. Ìrun àti ààwẹ̀ wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lè ti àwa tí à ń gbààwẹ̀ lónìí. Abdullah ọmọ Abbas ní òun yóò lọ bá wọn. Ẹ̀rù rẹ̀ ba Àlíì, ṣùgbọ́n ó wọ aṣọ Yemen tí ó dára jùlọ, ó lọ ní ọ̀sán gangan. Aṣọ náà ni wọ́n kọ́kọ́ bá a jà lé lórí (ẹ wo irú ènìyàn!). Ó béèrè ẹ̀sùn wọn, wọ́n ka mẹ́ta, ó sì fi Àlùkùránì dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìròyìn kan sọ pé 2,000 nínú wọn ló bá a padà. Kò dúró dìgbà tí wọn yóò pa ènìyàn.

Àwọn tí kò padà ni wọ́n mú Abdullah ọmọ Khabbab, ọmọ sàhábà. Ọ̀kan nínú wọn he dàbínù tí ó já bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n ní kí ó tu ú dànù nítorí kò san owó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pa Abdullah, tí wọ́n sì pa ìyàwó rẹ̀ tòun ti oyún inú rẹ̀. Èyí ló mú kí Àlíì bá wọn jagun ní Nahrawan ní ọdún 38. Inú wọn ni Ibn Muljam ti wá, ẹni tí ó fi idà ṣá Àlíì ní Kufa, nínú oṣù Ramadan ọdún 40.