Ìwé Tí Ó Pọ̀ Ju Ojú Lọ: Láti Etíkun Gberefu dé Ilé-Ìkàwé Ìbàdàn

Ilẹ̀ yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni Gberefu. Ọ̀sà wà ní apá kan rẹ̀, òkun wà ní apá kejì, ọkọ̀ ojú omi ni a sì máa ń wọ̀ láti Àgbádárìgì kí a tó dé ibẹ̀. Bí a bá dárúkọ rẹ̀ létí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, òwò ẹrú ni ọkàn rẹ̀ máa ń lọ sí. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí orí yanrìn yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ènìyàn gbà dé etí òkun, tí wọn kò sì padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹrù mìíràn gba etíkun Àgbádárìgì wọlé. Ìwé ni ẹrù náà.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1845, Henry Townsend, C. A. Gollmer àti Samuel Àjàyí Crowther, tí wọ́n jẹ́ ti C.M.S., dé tẹ̀ lé e. Abẹ́òkúta ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ olórí Ẹ̀gbá ti kú, ogun kò sì jẹ́ kí ọ̀nà ṣe é gbà. Àgbádárìgì ni Townsend àti Crowther fi ṣe ibùgbé títí di 1846. Ẹ wo ọ̀ràn Crowther nínú wọn. Ní 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, ní 1822 ni ọkọ̀ ẹrú gbé e kúrò ní Èkó kí àwọn ọmọ-ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi padà dé etíkun yìí, ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí òun fúnra rẹ̀ kọ, tí a tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, ti wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn.

Etíkun kì í ṣe ibi tí ó rọrùn fún ìwé. Atẹ́gùn iyọ̀ a máa mú kí ó hu, ikán a máa jẹ ẹ́ láti ẹ̀yìn wá, olówó rẹ̀ kò sì ní mọ̀ títí yóò fi fà á yọ. Ti iná tún burú ju gbogbo wọn lọ. Ní 1862 iná jó ilé Crowther ní Èkó, àwọn ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sì bá a lọ. Ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tí ó ti fi nǹkan bí ọdún 11 ṣà jọ wà nínú wọn. Ó ka àdánù yìí sí ju ti gbogbo ẹrù yòókù lọ. Ẹni tí ó bá kọ́ èdè Yorùbá lónìí ṣì ń jẹ nínú gbèsè iná ọjọ́ náà, nítorí kò sí ẹni tí ó lè padà lọ gbọ́ òwe lẹ́nu àwọn àgbà ìgbà náà mọ́.

Ìran tí ó tẹ̀ lé ti Crowther ni ó wá kó ìwé jọ débi pé ó di ọ̀ràn. Kò sí ẹni tí a lè fi ṣe àpẹẹrẹ tó Henry Rawlinson Carr. Èkó ni a bí i sí ní 1863, ó gba oyè B.A. ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní Sàró ní 1882, ó kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà wá sílé ní 1885 láti wá ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Girama ti C.M.S. Láti 1889 ni ó ti wọ iṣẹ́ ìjọba, ó di alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́, ó sì ṣe Rẹ́sídẹ́ǹtì Èkó láti 1918 di 1924. Ní gbogbo àkókò yìí, ìwé ni ó ń rà. Nígbà tí ó kú ní 1945, ìwé tí ó wà nílé rẹ̀ tó nǹkan bí 18,000.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ènìyàn bá ń ka ìwé kan tán lójoojúmọ́, láìsinmi ọjọ́ Ìsinmi, láìṣàìsàn, láìlọ sí ibi òkú tàbí ìkómọ, ọdún 49 àti oṣù mélòó kan ni yóò fi ka 18,000. Bí a bá sì pín ìwé náà sí ọdún 60 tí ó wà láàrin 1885 àti 1945, ó jẹ́ 300 lọ́dún kan. Ta ni yóò rò pé ẹni tí ó ń bẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò, tí ó ń kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí ìjọba, tí ó tún ń bá àwọn ènìyàn jà nínú òṣèlú Èkó, ka gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin? Kò sì yẹ kí a béèrè bẹ́ẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè kò wà fún kíkà tán. Ìwé òfin àti ìròyìn ọdọọdún kò wà fún kíkà tán. Ọjọ́ tí ẹjọ́ bá dé ni a ń ṣí wọn. Ìtìjú tí ó máa ń bá olùkọ́ nígbà tí àlejò bá wo pẹpẹ ìwé rẹ̀ tí ó sì béèrè pé, “Ṣé ẹ ti ka gbogbo wọn?” ti inú àìmọ̀ pé irú ìwé kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo ni ó ń wá.

Síbẹ̀, ó yẹ kí a bi Carr ní ìbéèrè kan. Mélòó nínú àwọn olùkọ́ tí ó ń bẹ̀ wò ni ó ní ìwé ogún péré nílé? Òkè ìwé kan ga nínú ilé ẹnì kan ní àkókò tí ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ ń fi ìwé kan kọ́ kíláàsì odindi. Bí ìjọba kò bá ra ìwé náà lẹ́yìn ikú rẹ̀, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ìwé olóògbé nílé púpọ̀ ni ìbá ṣẹlẹ̀ sí i: àwọn mọ̀lẹ́bí yóò mú èyí tí ó dára lójú, àwọn oníràwé yóò mú díẹ̀, ikán yóò jogún ìyókù.

Ìjọba rà á. Nígbà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé ní 1948, ìwé Carr wà lára ìpìlẹ̀ ilé-ìkàwé rẹ̀. John Harris tí ó ti Niu Silandi wá ni alábòójútó àkọ́kọ́. Òkè náà kò dínkù. Ó kàn kúrò lọ́rùn ẹnì kan bọ́ sí ọrùn àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n nu eruku rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí káàdì, kí wọ́n sì fi í sí ibi tí ó yẹ. Ohun tí ó ya ilé-ìkàwé sọ́tọ̀ kúrò lára yàrá tí ìwé kún inú rẹ̀ ni káàdì yẹn. Olùkọ́ tí ó ní ìwé 200 nílé lè ṣe irú rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan láàrin ọ̀sẹ̀ kan, nípa kíkọ orúkọ ìwé, ẹni tí ó kọ ọ́, àti ẹni tí a yá a. Nígbà tí ó bá ń kọ ọ́, yóò rí èyí tí kò ní í kà láéláé, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà nítòsí rẹ̀ yóò sì rí i gbà nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì là.

Herbert Macaulay, tí ó bá Carr jà púpọ̀ nínú ọ̀ràn Èkó, kú ní 1946, ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé àti àkọsílẹ̀ tirẹ̀ náà dé Ìbàdàn, àwọn méjì tí wọn kò gbọ́ ara wọn yé sì wà lábẹ́ òrùlé kan náà báyìí. Láti 1950 ni òfin sì ti ní kí ẹ̀dà ìwé tí a bá tẹ̀ ní Nàìjíríà máa wá sí ilé-ìkàwé náà, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì ń kọ nọ́mbà sí wọn lẹ́yìn.