Tẹmọsítáàtì

Fáàfù kékeré ni, láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀. Bí omi bá gbóná tó nǹkan bí 82 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ìda inú rẹ̀ á wú, á ṣí ọ̀nà kí omi lè lọ tutù. Bí kò bá ṣí, ẹ́ńjìnnì á hó; bí kò bá tì mọ́, á pẹ́ kó tó móoru, á sì máa mu epo jù. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa a máa yọ ọ́ dànù, wọ́n ní ilẹ̀ wa gbóná. N kò fara mọ́ ọn rárá: ẹ́ńjìnnì tí kò móoru tó ń tètè jẹ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń hó, kí ẹ tó dá tẹmọsítáàtì lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ yẹ omi wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù pátápátá. Bó bá ń dín kù, ó ń jò níbì kan. Ẹ wo họ́ọ̀sì àti ìdí pọ́ǹpù omi.