Bí Àdàlù Bá Ki, Àpòpọ̀ Á Ṣàn: Èdè Kábúrétọ̀ ní Yorùbá

Nígbà tí Yamaha gbé alùpùpù RD350 jáde ní 1973, kábúrétọ̀ Mikuni méjì ni wọ́n dè mọ́ ọn, ọ̀kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ọ̀fun ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó mìlímítà 28. Ọjọ́ ti lọ lórí àwọn kábúrétọ̀ náà. Àwọn tó ṣì ń gun máṣíìnì yìí ní Amẹ́ríkà, ní Ìlú Ọba, ní Jàpáánù, àti ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ lórúkọ Rajdoot 350, mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Irin inú kábúrétọ̀ á jẹ, afẹ́fẹ́ á máa gba ẹ̀gbẹ́ yọ́ wọlé, ẹ́ńjìnnì kò sì ní dúró sójú kan mọ́ nígbà tí a bá fi tọ́rọ́tù sílẹ̀. Tuntun ni wọ́n ń rà. Ṣùgbọ́n kábúrétọ̀ tuntun kì í ṣe ohun tí a ń dè mọ́ ẹ́ńjìnnì tí a ó sì gbéra. Ó ní láti bá ẹ́ńjìnnì náà mu, jẹ́ẹ̀tì kan lẹ́yìn òmíràn. Iṣẹ́ bíbá-mu yìí ni mo fẹ́ kí a lè kọ ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lọ́nà tí ẹni tó bá kà á á fi lè mú sípánà lọ́wọ́ kó sì ṣe é.

Orúkọ àwọn ẹ̀yà ara kì í ṣe ìṣòro. Àwọn mẹkáníìkì wa tó tọ́wọ́ bọ Suzuki AX100 àti Jincheng ní kábúrétọ̀, jẹ́ẹ̀tì, pulọ́ọ̀gì, pístọ̀n, ríìngì àti kúlọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Kí la fẹ́ fi rọ́pò wọn? Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 jẹ́ ti ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì pọ̀ fún mi, àmọ́ kíláàsì ni wọ́n ṣe é fún. Gáréèjì ní àwọn ọ̀mọ̀wé tirẹ̀. Ìlànà mi ni pé orúkọ tí gáréèjì bá ti ní, ká fi í sílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ kan bá ti ń jẹ́ nǹkan méjì, tàbí tí orúkọ àyálò bá ń ṣini lọ́nà, ibẹ̀ la ti ń ṣẹ̀dá.

Ibi tó le jù ni ti epo àti afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnnì kì í jó epo nìkan. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré gba ọ̀fun kábúrétọ̀ kọjá ló ń fa epo gba ihò jẹ́ẹ̀tì jáde, tó ń fọ́n ọn, tí àwọn méjèèjì á fi jọ wọlé bí àpòpọ̀ kan. Bí epo bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, Gẹ̀ẹ́sì á ní àpòpọ̀ náà lówó. Bí ó bá kéré, á ní ó rù. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa gbọ́ “àpòpọ̀ ọlọ́rọ̀” tí ọkàn rẹ̀ á lọ sí epo. “Epo ti pọ̀ jù” dára, ó sì yé ènìyàn, ṣùgbọ́n àpọ̀jù nìkan ló lè sọ. Kò lè sọ ìwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá da omi gbígbóná sórí ògì rí mọ̀ ìgbà tí ẹ̀kọ ki àti ìgbà tí ó ṣàn, ó sì mọ gbogbo ààrin wọn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni mo mú. Àpòpọ̀ ki: epo ló borí. Àpòpọ̀ ṣàn: afẹ́fẹ́ ló borí. A lè ní ó ki díẹ̀, ó ti ń ki jù, a fẹ́ kó ṣàn sí i.

Àwọn kan lè sọ pé odò náà ń ṣàn, àti pé epo ń ṣàn nínú páìpù. Òótọ́ ni, “ń” kékeré yẹn ló sì ya wọ́n sọ́tọ̀. Epo ń ṣàn, ìyẹn ni pé ó ń lọ. Àpòpọ̀ ṣàn, ìyẹn ni pé kò ki. Nítorí èyí, kí a má ṣe sọ ọ́ di “ṣíṣàn” nínú ìwé ìtọ́sọ́nà, ibi tí kò ti sí “ń” tó máa là wọ́n. “Àpòpọ̀ tó ṣàn” ni ká kọ.

Ẹ́ńjìnnì RD350 tún ní ìpò-pọ̀ kejì, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ẹ́ńjìnnì tí iṣẹ́ rẹ̀ parí lẹ́ẹ̀kan tí pístọ̀n bá gòkè tó sì sọ̀kalẹ̀, èyí tí mo ń pè ní ẹ́ńjìnnì àlọ-àbọ̀ kan, máa ń jó ọ́ọ̀lì pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù. RD350 ní táǹkì ọ́ọ̀lì tirẹ̀ àti pọ́ǹpù tó ń pín in, àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ín ti yọ pọ́ǹpù náà kúrò, wọ́n ń da ọ́ọ̀lì sínú bẹntiróòlù fúnra wọn. Olómi àti olómi tí a dà lu ara wọn, àdàlù nìyẹn. Epo àti afẹ́fẹ́, àpòpọ̀ nìyẹn. Bí orúkọ wọn bá ti yàtọ̀, a lè sọ ohun tó ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu: bí àdàlù bá ki, àpòpọ̀ á ṣàn. Ẹni tó ń da lítà ọ́ọ̀lì 1 sí bẹntiróòlù 40, tó wá sọ ọ́ di 1 sí 20 torí pé ó fẹ́ dáàbò bo pístọ̀n rẹ̀, ti dín bẹntiróòlù tó ń gba ihò jẹ́ẹ̀tì kọjá kù, nítorí ọ́ọ̀lì ti gba àyè rẹ̀, ó sì mú kí olómi náà nípọn. Ooru á pọ̀ sí i. Ó yẹ kó pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì sí èyí tí ihò rẹ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbólóhùn kúkúrú nípa àdàlù àti àpòpọ̀ yẹn nìkan mú kí wàhálà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí tọ́ lójú mi.

Àyálò kan wà tó léwu. Lẹ́nu tiwa, ẹ́ńjìnnì tó “nọ́ọ̀kì” ti bàjẹ́ pátápátá. Ní èdè tí a ti yá a, ariwo lásán ni, ìró epo tó bú gbàù lásìkò tí kò yẹ nínú sílíńdà. Ẹni tó bá tú ìwé Mikuni sí Yorùbá tó sì lo “nọ́ọ̀kì” á dẹ́rù ba òǹkàwé níbi tí kò yẹ. Mo fẹ́ kí ariwo náà máa jẹ́ ìbúgbàù-àìtọ́jọ́, kí pístọ̀n tí ooru mú gbilẹ̀ mọ́ ara sílíńdà sì máa jẹ́ pístọ̀n tó gan. Kí “nọ́ọ̀kì” dúró síbi tí mẹkáníìkì fi í sí.

Ní ti àwọn ẹ̀yà inú kábúrétọ̀, abẹ́rẹ́ tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀ ṣì ń jẹ́ abẹ́rẹ́. Ohun tó ń dí ọ̀nà epo nínú abọ́, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì tún ń pè ní abẹ́rẹ́, èdídí ló yẹ ká pè é, ohun tó sì ń gbé e sókè nígbà tí abọ́ bá kún ni aléfòó. Ohun tó ń ṣí ọ̀fun tí tọ́rọ́tù bá yí, ìlẹ̀kùn ni. Ti ṣóòkù nìkan ló fún mi níṣẹ́. Mikuni ti RD350 kì í dí ọ̀fun láti fi ta ẹ́ńjìnnì tó tutù jí, ihò mìíràn ló ń ṣí kí epo lè pọ̀. Àbùsí ni mo pè é.

Bí àpòpọ̀ bá ki jù nínú ẹ́ńjìnnì àlọ-àbọ̀ kan, ẹ́ńjìnnì á máa jó lẹ́ẹ̀kan, á fo ẹ̀ẹ̀kan, tí ìró rẹ̀ á fi dà bí ti ẹ́ńjìnnì àlọ méjì àbọ̀ méjì. Yorùbá tó fi ìró sọ máṣíìnì ní alùpùpù kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ fún èyí: ẹ́ńjìnnì ń kólòlò.

Nọ́ńbà ara jẹ́ẹ̀tì kò nílò ìtumọ̀, àmọ́ orúkọ ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ bá a rìn. Jẹ́ẹ̀tì Mikuni tó ní igun mẹ́fà ń fi nọ́ńbà rẹ̀ sọ bí epo tó ń gba inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ilé-iṣẹ́ Keihin ń fi tirẹ̀ sọ bí ihò ṣe fẹ̀ tó. 150 ti ọ̀kan kì í ṣe 150 ti èkejì.

Bí a bá kó wọn jọ, bí ìtọ́sọ́nà náà yóò ṣe lọ nìyí:

Fi jẹ́ẹ̀tì ńlá (èyí tó ń pín epo nígbà tí tọ́rọ́tù bá ṣí dé òpin) tí ihò rẹ̀ tóbi bẹ̀rẹ̀, nítorí àpòpọ̀ tó ki kì í mú pístọ̀n gan. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, lẹ́yìn náà fi pulọ́ọ̀gì tuntun sí i. Lójú ọ̀nà gbọọrọ tó dá, yí tọ́rọ́tù dé òpin. Bí ó bá ti sáré díẹ̀ bẹ́ẹ̀, pa ẹ́ńjìnnì, kí o sì fa kúlọ́ọ̀ṣì lẹ́sẹ̀kan náà. Tú pulọ́ọ̀gì wò. Funfun báláú: àpòpọ̀ ṣàn, má gùn ún mọ́ títí wàá fi fi jẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i. Dúdú tó tutù: ó ki, fi nọ́ńbà kan dín in. Pupa rúsúrúsú: fi jẹ́ẹ̀tì ńlá sílẹ̀, bọ́ sórí abẹ́rẹ́. Bí ó bá ń kólòlò láàrin méjì tọ́rọ́tù, gbé kílíìpù orí abẹ́rẹ́ sókè ní ìlà kan, abẹ́rẹ́ á wálẹ̀, àpòpọ̀ á ṣàn díẹ̀. Sílíńdà méjì ni RD350 ní. Ka pulọ́ọ̀gì kejì náà.