Igi Tí Kò Ní Òfin: Ẹ̀kọ́ Tí Ìtàn Ìré Kọ́ Wa Nípa Jíjẹ Nínú Igbó

Bí wọ́n bá bi ọmọ ilé ìwé léèrè nípa ìtàn Yorùbá, ogun àti ọba ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Yóò sọ ti Ọ̀yọ́ Ilé, yóò sọ ti Jálumi, yóò sọ ti Kírìjì. Kò jẹ̀bi, nítorí àwọn ni ó pọ̀ jù nínú ìwé tí a ń kà. Ṣùgbọ́n jagunjagun kò lè fi ikùn òfìfo jà, ọba kò sì lè fi ebi jókòó lórí ìtẹ́. Ta ni ó ń bọ́ wọn? Oko ni, igbó sì ni. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ sọ bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń jẹ nínú igbó láì jẹ igbó tán. Mo sì fẹ́ sọ nípa ìgbà kan tí wọ́n jẹ ohun kan nínú rẹ̀ tán láàárín ọdún tí kò tó mẹ́wàá. Igi ni ohun náà. Ìré ni orúkọ rẹ̀.

Láti ayébáyé ni Yorùbá ti ń gbé ìlú ńlá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn ará ìlú ní ẹsẹ̀ kan nílé, ẹsẹ̀ kan lóko. Oko etílé wà nítòsí odi ìlú, èyí tí ènìyàn lè lọ láàárọ̀ kí ó sì padà ní ìrọ̀lẹ́. Oko ẹgàn wà lọ́nà jíjìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ahéré sí, tí ahéré bíi mélòó kan á fi di abà. Ìdílé lè wà ní abà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó wálé fún ọdún tàbí ìnáwó. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹ̀wà ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀.

Síbẹ̀, ohun tí wọ́n gbìn kọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n ń jẹ. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ìgbín á jáde, àwọn ọmọdé á sì gbé igbá lọ ṣà á lóru tàbí ní ìdájí. Olú ń hù lára ìtì ọ̀pẹ tó ti jẹrà, òmíràn ń hù nídìí ọ̀gán. Ẹ̀bòlò ń hù lórí ilẹ̀ tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ jó, láìsí pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Ewé tí wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, igi tí wọ́n fi ń dáná, egbòogi tí wọ́n fi ń tọ́jú ara, inú igbó ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Ní ìgbà tí iṣu tuntun kò tíì jáde tí ti àtijọ́ sì ti tán, igbó ni ó ń gba àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ebi.

Àwọn kan rò pé ohun tí a kò gbìn kò ní olówó, pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kó o. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin wà, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tó bá ṣẹ́gi jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà lè fi ààlè sí i, kí ó sì máa lọ. Àkísà, ìkarahun ìgbín, ṣuku àgbàdo tàbí ìgbálẹ̀ àtijọ́ ni ààlè náà lè jẹ́. Ẹni tó bá rí i mọ̀ pé ohun náà ní olówó, ó sì mọ̀ pé ìyà wà fún ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, kò sí àgádágodo. Ìmọ̀ tí gbogbo ènìyàn jọ ní ni ó ń ṣọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo oyin. Oyin inú igbó ń gbé inú ihò igi àti pàlàpálá àpáta. Àwọn kan sì ń gbé ìkòkò tàbí akèǹgbè sórí igi kí oyin lè wọ̀ ọ́. A ń fi oyin ṣe ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó. A ń lò ó fún oògùn. Ìda, tí a ń rí lára afárá, ni àwọn tó ń rọ ide fi ń ṣe àpẹẹrẹ ère kí wọ́n tó da ide sí i. Ẹni tó bá fi ògùṣọ̀ jó ilé oyin, tó sì kó gbogbo afárá, yóò rí oyin lá ní ọjọ́ kan péré. Oyin ilẹ̀ wa kì í dúró níbi tí wọ́n bá ti dààmú rẹ̀ jù. Yóò kó lọ, ihò igi náà yóò sì ṣófo. Ṣùgbọ́n ẹni tó lo èéfín díẹ̀, tó fi àwọn afárá tí ọmọ wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, yóò tún padà wá síbẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀. Òwe àwọn àgbà bá a mu: àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Igi irú tún jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Ní àdúgbò wa ní Òkè-Ògùn, a kì í sábà gbìn ín. Nígbà tí àgbẹ̀ bá ń ṣán oko, yóò gé àwọn igi mìíràn, yóò sì dá igi irú àti igi òrí sí. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè dúró láàárín oko àgbàdo kí ó sì rí igi irú tó dàgbà ju baba rẹ̀ lọ. Igi náà ní olówó. Ẹni tó gba ilẹ̀ dáko lè gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ká irú tàbí kọ ẹyìn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀. Nítorí náà, igi tí ẹnì kan kò gbìn ni gbogbo ìdílé ń ṣọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé àwọn baba wa kò mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ, pé wọ́n kéré níye ni igbó fi ṣẹ́kù. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn ìré fi hàn pé ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ju iye ènìyàn lọ.

Ìré jẹ́ igi gíga tó ń hù nínú igbó kìjikìji ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Yorùbá. Bí a bá fi àdá kàn án, oje funfun á máa sun jáde. Oje yìí ni a lè sọ di rọ́bà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tó ń fi oje náà ṣòwò ńlá níhìn-ín. Ní 1888 ni John Boyd Dunlop ṣe táyà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí fún kẹ̀kẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń wá rọ́bà kiri ayé. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó náà ń wá ohun mìíràn tí wọ́n lè tà yàtọ̀ sí epo àti èkùrọ́. Gómìnà Alfred Moloney ti dá ọgbà kan sílẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́tta ní 1887 láti máa ṣàyẹ̀wò irúgbìn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Gómìnà Gilbert Carter dé, ẹni tó rin ìrìn àjò káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ní 1893. Ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọmọ ogun Kírìjì tú ká, lẹ́yìn ogun tó ti bẹ̀rẹ̀ láti 1877.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe pàdé ara wọn. Ogun parí, àwọn ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ogun kò sì ní iṣẹ́ mọ́. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ láti Ìbàdàn dé Èkó. Olùrà wà létí òkun tí ń fi owó gidi dúró de rọ́bà. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń gba oje igi wá láti Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, wọ́n sì kọ́ àwọn ará ilé. Kíá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ya wọ inú igbó. Ní 1895, rọ́bà tí wọ́n kó jáde láti Èkó ju ìwọ̀n pọ́n-ùn mílíọ̀nù 5 lọ, èyí tó lé ní 2,000 tọ́ọ̀nù. Rélùwéè kò tíì dé Ìbàdàn nígbà náà. Orí ènìyàn ni wọ́n fi ru ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ jáde láti inú igbó.

Ọ̀nà tó dára láti gba oje ìré wà. A ó fi ọ̀bẹ fa ilà tẹ́ẹ́rẹ́ lára èèpo, ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí oje lè ṣàn gba ojú kan lọ sínú igbá tó wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó fi igi náà sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ lè san. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ igbó mọ̀ pé bí òun bá fi í sílẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò gba ìyókù. Nítorí náà, wọ́n ń gé èèpo igi yí ká, láti ìdí títí dé orí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gé igi náà lulẹ̀. Igi tí a bá gé èèpo rẹ̀ yí ká kò lè yè, nítorí èèpo ni oúnjẹ rẹ̀ ń gbà kọjá lọ sí gbòǹgbò. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, àìmọye igi ìré ti kú, òwò náà sì wó lulẹ̀.

Ta ni ó jẹ̀bi? Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sọ pé àìmọ̀kan àwọn ará ilẹ̀ yìí ni ó fà á. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn yìí kan náà ni wọ́n ń dá igi irú sí nínú oko wọn. Àwọn ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ààlè. Ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó pe àwọn ènìyàn sí òwò náà, àwọn oníṣòwò sì ń ra gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé wá láìbéèrè bí wọ́n ṣe rí i. Àmọ́ n kò ní sọ pé àwọn tiwa kò lọ́wọ́ sí i. Ọwọ́ wọn ni ó di àdá mú.

Lójú tèmi, ohun tó pa ìré ni pé kò ní òfin. Ọ̀pẹ ní òfin nítorí pé ó ti pẹ́ tí a ti ń jẹ epo. Irú ní òfin nítorí pé ó ti pẹ́ tí a ti ń fi í se ọbẹ̀. Ìdílé ti jà lórí wọn, àgbà ti parí ìjà náà, òfin sì ti jáde láti inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n oje ìré di owó láàárín ọdún méjì péré. Kò sí ìgbà tí àwọn àgbà lè fi jókòó láti pinnu ẹni tó ni ín, iye ìgbà tí a lè gé e àti bí yóò ṣe pẹ́ tó kí ó sinmi. Olùrà dé ṣáájú òfin.

Nígbà tí òfin dé, kò ti ọwọ́ àwọn ará abà wá. Láàárín 1897 sí 1902 ni ìjọba Èkó ń gbìyànjú láti ṣe òfin lórí igbó. Ní 1899 ni wọ́n ya igbó Olókemèjì sọ́tọ̀, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ya òmíràn sọ́tọ̀ káàkiri. Àwọn ènìyàn ń pe irú igbó bẹ́ẹ̀ ní igbó ọba. Ó dáàbò bo igi púpọ̀, a kò gbọ́dọ̀ jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún sọ ẹni tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣa olú níbẹ̀ di ẹni tó ní láti gba ìwé àṣẹ tàbí kí ó sá fún ẹ̀ṣọ́ igbó. Ẹni tí kò bá tètè ṣe òfin tirẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò ṣe é fún un.

Kòkó ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbẹ̀ wá yíjú sí. Igi kòkó kì í ṣe ti ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ẹni tó gbìn ín ni ó ni ín, yóò sì dúró bí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó so. Abà pọ̀ sí i nínú igbó, àwọn ènìyàn sì tún kọ́ sùúrù.

Mo kọ ìtàn yìí nítorí pé irú rẹ̀ tún ń ṣẹlẹ̀ ní Òkè-Ògùn. Èédú ni ìré ti ìsinsìnyí. Ọkọ̀ ńlá ń kó o lọ sí ìlú ńlá lójoojúmọ́, igi irú àti igi òrí sì wà lára àwọn igi tí wọ́n ń gé fi jó o. Ìyá ìyá mi ń ṣe irú tà. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọge, oko ìdílé wọn nìkan ni òun ti ń ká irú. Ní báyìí, ó ń ra á lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá láti ọ̀nà jíjìn. Oyin náà kò ríbi gbé mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀gúsí tí a ń gbìn nílò oyin kí òdòdó rẹ̀ tó lè so. Ohun tó burú jù ni pé ìré kò ní òfin nígbà tí olùrà dé, ṣùgbọ́n igi irú ní òfin. Àwa ni a gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ kò ṣòro láti sọ. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan jókòó pẹ̀lú ọba, àwọn baálẹ̀ abà, àwọn onílẹ̀, àwọn obìnrin tó ń ṣe irú àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń jó èédú. Kí wọ́n pinnu igi tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé, kí wọ́n sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà ní iṣẹ́ oyin sínsìn nínú àpótí, nítorí ẹni tó ń sin oyin yóò máa fẹ́ kí igi wà. A kò lè sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé kí ó má jó èédú láìfi ohun mìíràn hàn án. Àwọn ọ̀dọ́ Ìbàdàn tó wọ igbó ìré lẹ́yìn ogun ń wá iṣẹ́ ni, bí àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe ń wá a lónìí. Kò sí ẹni tó bá wọn jókòó ní 1893. Kí àwa bá àwọn tiwa jókòó nígbà tí igi ṣì wà nílẹ̀.