Ìtàn Pàǹtí Ọjà Wa: Láti Ìgbà Ewé Dé Ìgbà Ọ̀rá

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin baba wa tí ẹ ń kọ́ ìwé, gbogbo wa la mọ ọjà. Ibẹ̀ la ti ń tà, ibẹ̀ la ti ń rà, ibẹ̀ náà la ti ń gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú. Bí a bá wọ ọjà lónìí, a ó rí ọ̀rá dúdú nínú kòtò àgbàrá, a ó rí i lára igi, a ó rí i lábẹ́ àtẹ. Àwọn àgbà a máa mi orí, wọn a ní: "Ayé àtijọ́ kò rí báyìí. Ọjà àwọn ìyá wa mọ́ tónítóní."

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé. Àwọn ìyá wa náà ń da pàǹtí nù. Ohun tí wọ́n ń dà nù ló yàtọ̀ sí tiwa, ọjọ́ tí wọ́n ń ná ọjà náà sì yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe yí padà, nítorí ẹni tí kò mọ ibi tí pàǹtí ti wá yóò máa bú ẹni tí kò ṣẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa, láti Kétu dé Ṣábẹ, láti Pọ̀bẹ́ dé Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ wa látijọ́. Bí wọ́n bá ná ọjà lónìí, tí a sì ka òní mọ́ ọn, ọjọ́ karùn-ún ni wọn yóò tó tún un ná. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní ọjà ọrún. Ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ ṣì ní ọjọ́ ọjà ńlá tirẹ̀ títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn ń tajà níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́rin yìí. Nígbà tí ọjà bá tú, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ilẹ̀ ọjà fi ń sinmi. Kò sẹ́ni tó ń tajà níbẹ̀. Ewúrẹ́ á wọlé, á jẹ èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Adìẹ á ṣa àgbàdo tó dà sílẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ á tú ilẹ̀, á jẹ ohun tí ewúrẹ́ kọ̀. Ikán á jẹ igi àti ewé gbígbẹ. Òjò á fọ ìyókù. Kí ọjọ́ ọjà tó tún pé, ohun tó kù nílẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó san owó fún àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí, kò sì sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń dà nù? Ewé ló pọ̀ jù. Ewé ni wọ́n fi ń dì ẹ̀kọ. Ewé ni wọ́n fi ń dì ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ewé ni wọ́n fi ń dì òrí, iyọ̀ àti ọṣẹ dúdú. Nígbà tí ìjọba Faransé kó igi tíkì wá gbìn sí ilẹ̀ wa, àwọn ẹlẹ́kọ rí i pé ewé rẹ̀ fẹ̀, wọ́n sì fi kún ewé tí wọ́n ti ń lò. Bí o bá jẹ ẹ̀kọ tán, o ju ewé sílẹ̀. Àwọn ìyá wa ń ju nǹkan sílẹ̀ bí àwa náà ṣe ń jù ú. Ewúrẹ́ ló wà lẹ́yìn wọn.

Ohun tí ẹran kò bá jẹ, ààtàn ló ń gbà á. Ààtàn kì í kọ pàǹtí, wọn a ní bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn òjò ọdún kan tàbí méjì, pàǹtí á di ilẹ̀ dúdú. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: tẹ̀tẹ̀ tó hù lórí ààtàn máa ń tutù yọ̀yọ̀, ìbẹ́pẹ ibẹ̀ sì máa ń tóbi. Ohun tó fọ́ pàápàá kì í tètè di ohun àdànù. Igbá tó bá fọ́, wọ́n á rán an. Ìkòkò tó bá fọ́ á di àpáàdì tí wọ́n fi ń fọn iná láti ilé dé ilé. Ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn ará Kétu sọ pé baba wọn ti ṣí wá, àpáàdì ni àwọn baba wa tò mọ́ ara wọn láti fi tẹ́ ojú àgbàlá. Àwọn tó ń wa ilẹ̀ wo ìtàn ti rí i níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta àti ewúrẹ́ nìkan kọ́. Ìgbálẹ̀ wà. Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà, kí oòrùn tó yọ, àwọn obìnrin ló ń gbálẹ̀. Olúkúlùkù á gbá iwájú àtẹ rẹ̀. Ìyálọ́jà ló ń wò ó. Ẹni tí kò bá gbá tirẹ̀, àwọn tó jókòó tì í á bá a wí kí Ìyálọ́jà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èṣù ọjà wà níbẹ̀, wọ́n sì gbàgbọ́ pé ilẹ̀ ọjà kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Wọn kì í gbálẹ̀ lóru. Wọ́n ní ẹni tó bá gbálẹ̀ lóru ń gbá owó ilé rẹ̀ dànù. Bóyá o gbà á gbọ́ tàbí o kò gbà á gbọ́, òfin náà ní àǹfààní kan: ẹni tó gbálẹ̀ nínú òkùnkùn lè gbá owó ẹyọ tó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sóde láì mọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí a parọ́ mọ́ àwọn àgbà o. Eṣinṣin wà lórí ẹran nígbà náà. Omi ìdọ̀tí wà. Ṣọ̀pọ̀ná pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kò sí àrùn láyé àtijọ́, ẹ bi í pé kí ló dé tí àbíkú fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní 1886, ogun Dànhọmẹ̀ fọ́ Kétu, wọ́n sì kó àwọn ará ìlú lẹ́rú. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun ọba Béhanzin, tí ó fi ara rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ ní 1894, àwọn ọmọ Kétu padà, wọ́n tún ìlú wọn kọ́. Àjàṣẹ́ di olú-ìlú fún gbogbo ilẹ̀ tí àwọn Faransé gbà. Kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ti ń gba Sàkété lọ sí Pọ̀bẹ́, òmíràn sì ti ti Kútọnu dé Ṣábẹ.

Ọkọ̀ ojú irin kò mọ ọjà ọrún. Ó dé lọ́jọ́ tó wù ú, ó sì kó epo pupa àti èkùrọ́ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù dé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn akọ̀wé ń fẹ́ jẹun lójoojúmọ́. Díẹ̀díẹ̀, ọjà ìlú ńlá di ọjà ojoojúmọ́. Ilẹ̀ ọjà kò sinmi mọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ọ̀rá dé.

Ohun kejì tún yí padà. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí gba owó ìjókòó lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà. Ẹ mọ owó yìí: ẹ san án, wọ́n já tíkẹ́ẹ̀tì fún yín. Látijọ́, ọjà jẹ́ ti ìlú, Ìyálọ́jà ló ń tọ́jú rẹ̀, àwọn obìnrin sì ń gbá a nítorí pé tiwọn ni. Nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì dé, ọ̀rọ̀ mìíràn wọlé. Obìnrin ọjà á ní: "Mo ti san owó. Ẹni tó gba owó ni kó gbá a." Ẹni tó gba owó á ní: "Ẹ̀yin lẹ dà á sílẹ̀." Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí àríyànjiyàn yìí ti wà lẹ́nu wa. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn obìnrin ọjà ló dọ̀tí. Ìtàn kò gbè wọ́n. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ obìnrin ni ìgbálẹ̀ wà, ọwọ́ ẹlòmíràn sì ni owó wà.

Àwọn ilé ìtajà òyìnbó kó agolo àti ìgò wá. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í jẹrà, síbẹ̀ wọn kò dọ̀tí ọjà wa. Kí ló dé? Nítorí pé wọ́n níye lórí. Agolo di ohun ìwọ̀n, tóńgólò tí a fi ń wọn àgbàdo àti gààrí. Ìgò di ti epo pupa, ó di ti ẹ̀pà, ó sì di ti epo mọ́tò tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ta ló ń ju ìgò nù? Ọmọ kékeré á ti ṣa á kó tó balẹ̀. Ohun tó bá ní owó lórí, ìgbálẹ̀ kì í bá a.

Ní ìparí 1970, àrùn onígbáméjì, tí wọ́n ń pè ní kọ́lẹ́rà, wọ ilẹ̀ wa láti orílẹ̀-èdè mìíràn, ó sì jà dé 1971. Ó jà ní Tógò, ó jà ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Àrùn yìí ń gba inú omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kàn wọ inú ènìyàn. Ọjà tí kò ní ilé ìgbẹ́, tí omi rẹ̀ kò sì mọ́, ibẹ̀ ni ó fẹ́ràn. Ní 1987, ìjọba Benin ṣe òfin ìmọ́tótó ìlú, ọ̀rọ̀ ọjà sì wà nínú rẹ̀. Òfin wà, ṣùgbọ́n owó kò sí. Ní 1988 àti 1989, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pàápàá kò wọlé déédéé. Ta ni yóò wá rántí pàǹtí?

Àárín ìgbà náà ni ọ̀rá pọ̀. Àwọn kan ń pè é ní sáṣẹ̀, àwọn kan ń pè é ní rọ́bà. Ó fúyẹ́, kò jo, owó rẹ̀ kéré débi pé ọ̀fẹ́ ni alátẹ ń fún oníbàárà. Lẹ́yìn náà ni omi inú ọ̀rá dé. Èyí yàtọ̀ sí ìgò àti agolo pátápátá: a lò ó lẹ́ẹ̀kan, kò níye lórí mọ́, kò sì jẹrà. Ààtàn tí kì í kọ nǹkan kan gbà á, ṣùgbọ́n kò lè jẹ ẹ́. Ewúrẹ́ tó jẹ ẹ́ á kú. Àwọn alápatà ń bá a nínú ikùn ẹran. Ó dí kòtò àgbàrá, omi òjò á sì wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Bí a bá sun ún, èéfín rẹ̀ ní májèlé.

Àwọn ènìyàn kò káwọ́ gbera. Ní 1985, àlùfáà Godfrey Nzamujo dá Songhaï sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Níbẹ̀, ìgbẹ́ ẹran àti pàǹtí oko ń di ajílẹ̀ àti gáàsì ìdáná. Ọgbọ́n ààtàn àwọn ìyá wa ni, a kàn fi ẹ̀kọ́ kún un ni. Àwọn ẹgbẹ́ kan ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fi púsù-púsù kó pàǹtí láti ilé dé ilé, onílé á sì san owó díẹ̀ lóṣù. Ní Nàìjíríà, ìjọba ológun ti bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ ìmọ́tótó oṣooṣù ní 1985, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó fi ìséde yẹn sílẹ̀ ní 2016.

Òfin ilẹ̀ wa ti 1990, ní ẹsẹ 27, sọ pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó mọ́, ó sì jẹ́ iṣẹ́ wọn láti dáàbò bò ó. Òfin kan ní 1999 gbé ọ̀rọ̀ pàǹtí lé àwọn mẹ́rì lọ́wọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2003. Tógò ṣe òfin lórí ọ̀rá ní 2011. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá 2017, Benin ṣe tirẹ̀: a kò gbọdọ̀ ṣe ọ̀rá tí kì í jẹrà, a kò gbọdọ̀ kó o wọlé, a kò gbọdọ̀ tà á, a kò gbọdọ̀ lò ó. Ní 2018, ìjọba dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa kó pàǹtí Kútọnu, Abomey-Calavi, Ouidah, Sèmè-Podji àti Àjàṣẹ́.

Òfin 2017 yẹn dára. Ṣùgbọ́n ó bá alátẹ wí ju ẹni tó ń kó ọ̀rá wọlé lọ, nítorí alátẹ ni ojú ń tètè rí. Kò sì sọ fún obìnrin tó ń ta ata lọ́ọ̀ lọ́ọ̀ ohun tí yóò dì í sí ní owó tí ọ̀rá ń gbà. Ní àwọn ìlú kéékèèké wa, ìgbálẹ̀ àwọn obìnrin ló ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹlẹ́kọ ni kò tíì yí padà tán. Títí di òní, ewé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń dì í, nítorí ewé ń fún ẹ̀kọ ní òórùn tirẹ̀, ọ̀rá kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Oníbàárà á ka ẹ̀kọ mẹ́rin tí a fi ewé dì dáadáa, á sanwó, á wá na ọwọ́ sí ẹlẹ́kọ pé kó fún òun ní ọ̀rá dúdú kan tí òun yóò kó wọn sí.