Ǹjẹ́ Epo Abẹ́ Òkun Lè Yanjú Ìṣòro Agbára Ilẹ̀ Wa? Ẹ̀kọ́ Ìtàn láti Sèmè dé Bonga

Ìfáárà

Bí ènìyàn bá wọ ìlú Òsì ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, ìpínlẹ̀ Kwara, nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ariwo jẹnẹrétọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní Ìlọ́fà àti ní àwọn ìlú tó yí wọn ká. Igi àti èédú ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ń dáná, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata kò sì lè ṣiṣẹ́ bí kò bá ra epo sínú ẹ̀rọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1958 ni orílẹ̀-èdè tí Òsì wà nínú rẹ̀ ti ń ta epo rọ̀bì fún àgbáyé.

Nígbàkúùgbà tí a bá gbọ́ pé wọ́n rí epo tuntun lábẹ́ òkun, èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ìṣòro iná àti epo ti fẹ́ dópin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ wa náà a máa sọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, ohun tí wọ́n sì gbàgbọ́ ni wọn yóò lọ fi kọ́ àwọn ọmọ. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a bi ìtàn léèrè. Ohun tí a pè ní agbára níhìn-ín ni ohun tí a fi ń dáná, tí a fi ń tan iná, tí a fi ń wa ọkọ̀, tí a sì fi ń yí ẹ̀rọ. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé epo abẹ́ òkun lè mú owó wá, ó sì lè mú gáàsì wá, ṣùgbọ́n kò lè dá yanjú ìṣòro agbára. Ohun tí orílẹ̀-èdè bá kọ́ sáàárín kànga epo àti ilé ará ìlú ni ó ń yanjú rẹ̀.

Láti Oloibiri dé Bonga

Ọdún 1956 ni wọ́n rí epo rọ̀bì tó ṣe é tà ní Oloibiri, ní agbègbè tí í ṣe ìpínlẹ̀ Bayelsa lónìí. Kò pẹ́ rárá tí àwọn awapo fi wọ inú omi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni ilé-iṣẹ́ Gulf rí epo ní Okan, nínú òkun tí kò jìn, ní 1965 ni epo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó kan ibú òkun. Ní 1993, ìjọba àpapọ̀ bá àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ṣe àdéhùn pé kí wọ́n fi owó ara wọn wá epo nínú ibú, kí wọ́n sì kọ́kọ́ yọ owó wọn nígbà tí epo bá jáde. Òfin ọdún 1999 fi ìdí àdéhùn náà múlẹ̀, ó sì là á sílẹ̀ pé níbi tí omi bá ti jìn ju 1,000 mítà lọ, ilé-iṣẹ́ kò ní san ìṣákọ́lẹ̀ kankan lórí epo. Ọdún 2019 ni a tó yí èyí padà.

Lábẹ́ ètò yìí ni Bonga bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, ní nǹkan bí 120 kìlómítà sí etíkun. A ṣe é kí ó lè mú epo tó ju 200,000 agba jáde lójúmọ́. Erha tẹ̀lé e ní 2006, Agbami ní 2008, Akpo ní 2009, Egina ní òpin 2018. Ní 2016, Aje tó wà lójú òkun Àgbádárìgì sọ ìpínlẹ̀ Èkó di ọ̀kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ elépo.

Bí ó bá jẹ́ pé epo abẹ́ òkun ni oògùn ìṣòro agbára, àwọn ọdún wọ̀nyí ló yẹ kí a ti rí ìwòsàn. Kí ni a rí? Ilé-iṣẹ́ ìfọpo mẹ́rin tó jẹ́ ti ìjọba wà ní Port Harcourt (1965 àti 1989), Warri (1978) àti Kaduna (1980). Lórí ìwé, wọ́n lè fọ 445,000 agba lójúmọ́. Síbẹ̀, ní gbogbo àsìkò tí Bonga àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń mú epo jáde, òkè òkun ni a ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú pẹtiróòlù tí a ń lò. Iná mọ̀nàmọ́ná kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. A dá NEPA sílẹ̀ ní 1972, a sọ ọ́ di PHCN ní 2005, a tà á fún àwọn aládàáni ní 2013; iná tó ń dé orí wáyà fún àwọn ènìyàn tó ju mílíọ̀nù 200 lọ kì í sábà kọjá 5,000 mẹgawáàtì.

Ẹ̀kọ́ Sèmè

Ẹnubodè ni ọ̀pọ̀ wa mọ Sèmè sí, ṣùgbọ́n ibi tí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti wa epo lójú òkun náà ni. Ọdún 1968 ni wọ́n rí epo yìí. Láti 1982 dé 1998 ni wọ́n fi wà á. Gbogbo ohun tó jáde kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 22 agba lọ, ìwọ̀n tí Bonga lè mú jáde láàárín oṣù mẹ́rin bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ń lọ déédéé. Bẹ̀nẹ̀ kò ní ilé-iṣẹ́ ìfọpo, nítorí náà títà ni wọ́n ń ta epo náà. Iná tí Kútọnu àti Àjàṣẹ́ ń lò nígbà náà, láti ìdídò Akosombo ní Gánà ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá.

Ọdún 1998 ni ó fi ọ̀rọ̀ hàn kedere. Lọ́dún náà, owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ gidigidi lọ́jà àgbáyé, iṣẹ́ sì dúró ní Sèmè. Lọ́dún yìí kan náà, ọ̀dá omi mú Akosombo, òkùnkùn sì bo Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Epo abẹ́ òkun tí wọ́n ti ń wà láti ọdún mẹ́rìndínlógún kò lè tan àtùpà kan. Ní 2007 ni wọ́n fa wáyà iná láti Ìkẹjà dé Ṣakẹ́tẹ́, kí Bẹ̀nẹ̀ lè máa ra iná lọ́wọ́ Nàìjíríà. Ní ti ọkọ̀ àti alùpùpù, kpayo, ìyẹn pẹtiróòlù tí àwọn onífàyàwọ́ ń gbé láti Nàìjíríà, ni ọ̀pọ̀ ń rà nínú ìgò létí títì. Nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìnira náà dé Kútọnu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Gánà àti Ọ̀rọ̀ Gáàsì

Gánà rí epo Jubilee lójú òkun ní 2007, epo sì jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2010. Ṣùgbọ́n láàárín 2012 sí 2015 ni iná ń lọ tó ń bọ̀ ní Gánà débi pé àwọn ará ibẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ní *dumsor*. Ohun tó mú ìyípadà wá ni pé wọ́n wá ọ̀nà láti mú gáàsì wá sórí ilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ gáàsì Atuabo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní 2018 ni gáàsì Sankofa sì dé láti inú òkun tààrà sí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè iná.

Níhìn-ín ni àléébù tiwa ti hàn. Gáàsì ni Ẹ̀gbìn, Olórunṣògo àti Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ń jó kí wọ́n tó lè pèsè iná. Òfin ọdún 1979 ní kí ẹnikẹ́ni má sun gáàsì dànù mọ́ láti 1984. Títí di òní, wọ́n ṣì ń sun ún. Gáàsì Bonga ń gba inú ọ̀pá lọ sí Bonny, níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di omi fún títà lókè òkun. Àdéhùn 1993 náà sọ bí a ó ṣe pín epo, ṣùgbọ́n ó fi ti gáàsì sílẹ̀ de ìjíròrò mìíràn. Ohun tí a kò bá fún ní ipò nínú àdéhùn, kò sẹ́ni tí yóò fi owó ńlá kọ́ ọ̀nà fún un.

Ohun tí Àwọn Mìíràn Lè Sọ

Ẹnìkan lè wí pé epo abẹ́ òkun ní ààbò ju ti orí ilẹ̀ lọ. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí ó ṣòro fún olè láti bẹ́ ọ̀pá nínú ibú. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún 2008 àwọn ajàjàgbara kọlu Bonga gan-an, iṣẹ́ sì dúró. Ní oṣù kejìlá ọdún 2011, nǹkan bí 40,000 agba epo dà sínú òkun níbẹ̀.

Ẹlòmíràn lè tọ́ka sí ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote ní Lẹ́kì, tí a ṣí ní 2023, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ epo ní 2024, tó sì lè fọ 650,000 agba lójúmọ́. Èyí gan-an ló ti èrò wa lẹ́yìn. Nígbà tí pẹtiróòlù tí a fọ̀ nílé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ilé-iṣẹ́ ìfọpo ni ó mú un wá, kì í ṣe kànga tuntun. Ilé-iṣẹ́ náà tilẹ̀ ti ra epo rọ̀bì láti Amẹ́ríkà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé etí òkun tí epo wà ni wọ́n kọ́ ọ sí.

Àgbálọgbábọ̀

Òsì ni ìlú Aréògún, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére tó kú ní 1954. Kò sí ọmọ Òsì tí kò mọ̀ pé igi inú igbó kì í ṣe ilẹ̀kùn ààfin. Ẹnìkan ní láti gé e, kí ó gbẹ́ ẹ, kí ó tó gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni epo rọ̀bì rí. Ìdídò Jẹ́bà, tó ń ṣiṣẹ́ láti 1985, kò jìnnà sí wa tó òkun, síbẹ̀ ìsúnmọ́ rẹ̀ kò lé òkùnkùn kúrò ní gbogbo abúlé Kwara. Wáyà tó dé ilé ni ó ń lé e.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ bá béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ pé, “Ṣé epo tuntun tí wọ́n rí yìí yóò mú iná wá?”, kí olùkọ́ má ṣe dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí ó kọ́ ọmọ náà láti béèrè ohun mẹ́ta: níbo ni a ó ti fọ̀ ọ́? Ọ̀nà wo ni gáàsì rẹ̀ yóò gbà dé ilẹ̀? Ta ni yóò fa wáyà dé Òsì? Ọmọ tó bá dàgbà pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta yìí, ó ṣòro kí òṣèlú kankan tó fi ìròyìn kànga tuntun tàn án jẹ.